Àpótí Ìdẹ Hilkka

Kì í béèrè bóyá ebi ń pa ẹja.
Omi ló máa ń kọ́kọ́ wò.
Á so ife funfun mọ́ okùn,
á jù ú sómi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀,
á máa tú okùn náà díẹ̀díẹ̀,
á máa ka kókó tó ta sí i
títí ife yóò fi wọ òkùnkùn lọ.
"Kókó mẹ́fà," ni ìyá bàbá mi á wí.
"Omi òní lójú."

Ní Kirkasjärvi, níbi tí omi ti tòrò
tí o lè ka òkúta ìsàlẹ̀ bí ẹni ń ka ìka ọwọ́,
fàdákà ló máa ń yàn, tín-ínrín,
kò ju ewé igi eléèpo funfun lọ,
okùn rẹ̀ sì nìyí, ojú fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí i.
Ọ̀nà jíjìn ló ti ń jù ú.
"Ẹja ibí ti rí ọ kí o tó rí i.
Ẹni tó fẹ́ parọ́ fún ẹni tó ríran kedere,
kó pa á ní kékeré,
kó fi jọ òótọ́,
kó sì sọ ọ́ jẹ́jẹ́."

Mustalampi kò rí bẹ́ẹ̀.
Omi ibẹ̀ pọ́n bíi tíì tí wọ́n gbàgbé sórí iná;
ewé jíjẹrà inú irà ló rẹ ẹ́ láró.
Fàdákà débẹ̀, ó di eérú.
Bàbà ló ń tàn níbẹ̀,
bàbà tí Oiva, bàbá bàbá mi, fi òòlù lù jáde
lára ìkòkò kọfí tó jò lọ́dún tí wọ́n gbéra wọn níyàwó.
Bàbà ni bàbá fi ṣe ìdẹ, kì í ṣe idẹ.
Eyín páìkì mẹ́rin ṣì wà lára ọ̀kan.

Bí òjò bá wá rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta ńkọ́,
tí oko ọ̀dùnkún Eino ṣàn wọ adágún,
tí omi di kọfí oníwàrà?
Á na ọwọ́ sí ìsàlẹ̀ àpótí,
síbi tí àwọn aláriwo ń gbé:
àwọ̀ ọsàn tó ń ké, dúdú bí ìdí ìkòkò,
oníkùn gbẹ̀ǹdẹ̀, tí irin ń mì woroworo nínú wọn.
"Etí ni ẹja fi ń jẹun lónìí.
Rọra fà á. Jẹ́ kó ráyè wá ọ."
Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí. Mo ní,
ta ló ń fi dúdú wá ẹja nínú òkùnkùn?
Ó ní, "Ìsàlẹ̀ ni ẹja wà, òkè ló ń wò.
Òjìji ló máa rí."

Lóṣù kẹsàn-án tó kọjá,
èmi ni mo wa ọkọ̀ dé àárín Kirkasjärvi.
Afẹ́fẹ́ kò sí. Òjò kò rọ̀ láti ọ̀sẹ̀ méjì.
Ó jù ife sómi, ó tú okùn,
ó dúró.
"Kókó kan," ló wí. "Kí ló ba omi yìí jẹ́?"
Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ife náà wà nísàlẹ̀, funfun báláú.
Mo gbójú sókè wo ojú rẹ̀:
ó dà bí omi tí wọ́n fi ṣan agolo wàrà.

"Ó rú díẹ̀, Ìyá àgbà," ni mo wí,
jẹ́jẹ́.
Ó mú aláriwo aláwọ̀ ọsàn, ó jù ú.
Woro, woro, woro, lórí omi tó mọ́ gaara.
Kò sí ẹja tó sún mọ́ wa títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ní Sátidé, mo ra agolo ọ̀dà kan.
Mo kun etí ife rẹ̀, mo kun bọ́tìnnì ààrò,
mo kun etí àtẹ̀gùn tó lọ sí èbúté,
mo so agogo mọ́ ilẹ̀kùn ilé ìwẹ̀ olóoru.
Ọ̀dà kù, mo tún kun ọ̀pá àjẹ̀.

Láàárọ̀, ọwọ́ rẹ̀ lọ tààrà bá ife.
Ó dì í mú pẹ́. Ó fi àtàǹpàkò ra ọ̀dà náà.
Ó rẹ́rìn-ín sínú kọfí,
ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí,
kókó mélòó lo kà fún mi?"